Ohun Tí Mo Fi Sí Ọwọ́ Atẹ̀lúdó

Bọ́sẹ̀dé, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó mọ iṣẹ́ ọnà jù mí lọ,

Lẹ́tà rẹ dé. Ó pẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì tún sùn sí ọ́fíìsì lẹ́tà Òkìtìpupa fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé bíríkìlà kan wà ní ìlú wa tó ní ọmọ ní ilẹ̀ Filipíìnì. Màmá rẹ ti gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ní kí n kí ọ dáadáa, ó sì ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ní púpurú níbẹ̀. Mo ní ìrẹsì ni ìjọba rán ọmọ lọ kọ́, ìrẹsì náà ni yóò máa jẹ. Ó ní ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ, ìpápánu ni. Mo fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún un, nítorí o mọ ìyá rẹ.

Ọ̀pọ̀ nǹkan inú lẹ́tà náà ló dùn mọ́ wa. O sọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹfọ̀n túlẹ̀ nínú omi, o sọ bí àwọn obìnrin ṣe ń tò gba oko ìrẹsì kọjá, tí wọ́n ń gbìn ín tí wọ́n ń kọrin, o sọ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń dún bíi tiwa. Mo kà á fún màmá rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kẹta, èmi nìkan ni mo kà á. Mi ò kà á fún un.

Níbẹ̀ ni o ti sọ̀rọ̀ Ligáyà ọ̀rẹ́ rẹ, ẹni tí o ní orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ayọ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. O ní àwọn ọ̀dọ́ ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú títì, wọ́n ń ya àwòrán sára aṣọ fífẹ̀ àti sára ògiri, nítorí pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn olówó díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì di ẹrú lórí ilẹ̀ baba ara wọn. O ní bí ìbò bá dé, ìbọn a máa sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. O ní àwọn ará Spéènì jọba lé wọn lórí ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ, àwọn Amẹ́ríkà tún gbà wọ́n lọ́wọ́ Spéènì, àwọn àlejò yìí náà ló sì kọ ìwé ìtàn fún wọn. Ní báyìí àwọn ọ̀dọ́ wá ń wá baba ńlá wọn kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé nù. Mo kà á dé ibẹ̀, mo ní, háà, mo ṣe bí àwa nìkan ni.

O wá ní nígbà tí wọ́n rí i pé o mọ àwòrán yà, wọ́n fẹ́ kí o ya akọni wọn àtijọ́ kan sára ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé wọn, ẹni tó kó mẹ̀kúnnù jọ bá Spéènì jà. Apá kan nínú ẹgbẹ́ ní àdá ni kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Apá kejì ní rárá, ìwé ni. Ó ti ń di ìjà. Ni wọ́n bá ní kí ìwọ yà á bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ, nítorí àlejò ni ọ́, o kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan. O wá bi mí, o ní ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọnà kan sí oníṣẹ́ ọnà kejì ni: "Bàbá, kí ni kí n fi sí i lọ́wọ́?"

Ọmọ mi, mo ka ìbéèrè yẹn, mo bọ́ gíláàsì ojú mi sílẹ̀, mo sunkún.

O kò mọ ohun tí o bi mí. Ilé ẹ̀kọ́ oníbùgbé ni o wà nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ohun tí o sì mọ̀ kò ju ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lọ, pé ìjà ìbò ló pa Orímisàn ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ ìyókù fún ọ. Mo fẹ́ to ìmọ̀ràn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn bàbá tó mọ̀wé ṣe ń ṣe. Bí mo bá ṣì í kà, fi orí jì mí. Búlọ́ọ̀kù ni mo mọ̀ ọ́n kà.

Èkíní. Má jẹ́ kí inú rẹ dùn jù nígbà tí wọ́n bá ní torí pé àlejò ni ọ́ ni wọ́n ṣe yàn ọ́.

Bí wọ́n ṣe yan èmi náà nìyẹn. Igbódìgò ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ló gbé mi dé ìlú tí a wà yìí. O rántí àwọn kìnnìún tí mo máa ń fi sìmẹ́ńtì mọ síwájú ilé àwọn olówó, kìnnìún tí ojú wọn jọ ti ológbò tí ebi ń pa, torí pé bàbá rẹ kò rí kìnnìún rí. Mo tún ń mọ ère sórí ibojì: bàbá ìjọ tó di Bíbélì mú, ìyá arúgbó tó jókòó sórí àga. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn fẹ́ ère Atẹ̀lúdó, ẹni tó tẹ ìlú wa dó, sí oríta ọjà. Wọ́n ní ìlú tó bá ti lajú, ó yẹ kó ní ère.

O mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ìlú wa pín sí, Òkè àti Etí Odò. Àwọn ará Òkè ní ẹsẹ̀ ni Atẹ̀lúdó fi la igbó wá, orí òkè ló sì kọ́kọ́ sùn. Àwọn ará Etí Odò ní ọkọ̀ ló wọ̀ wá, ẹ̀bá odò ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Nígbà yẹn ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ará Òkè á pe ará Odò ní ọmọ ẹja, ará Odò á pe ará Òkè ní ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n á sì jọ jókòó ti agbè ẹmu kan. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń bímọ fún ara wọn. Àwọn ìgbìmọ̀ wá gbọ́n, wọ́n ní idà ni kí n fi sí ọwọ́ rẹ̀. Idà kò sọ ọ̀nà tí ènìyàn gbà wá. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lè ní idà, ẹni tó wọkọ̀ náà lè ní in. Wọ́n sì ní bíríkìlà Igbódìgò ni kó mọ ọ́n, torí kò sí nínú Òkè, kò sí nínú Odò.

Mo yan káàkiri ọjà lọ́jọ́ náà bí àkùkọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àlejò tí a fún ní iṣẹ́ ìtàn kò ní ẹbí tí yóò sọ fún un lọ́jọ́ tó bá ń ṣìṣe. Bí ọmọ Òkè bá ṣìṣe, bàbá rẹ̀ á fà á létí. Èmi, ta ni yóò fà mí létí? Gbogbo wọn gbà pé mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ẹni tó ń mọ ère sìmẹ́ńtì mọ̀ pé irin ni egungun rẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi wáyà so irin pọ̀, kí a tó máa lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn bí ẹran ara. Ẹ̀rù ń bà mí kí Atẹ̀lúdó má lọ ṣubú lu ènìyàn lọ́jọ́ ọjà, mo bá ki irin bọ ẹsẹ̀ rẹ̀ jù. Nígbà tí mo dé ọwọ́ ọ̀tún, irin tán. Mo ti po sìmẹ́ńtì sílẹ̀, oòrùn sì ń pa á. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, kò sí bọ́lẹ̀kájà tí yóò gbé irin wá láti Òkìtìpupa.

Ìgbà yẹn ni Orímisàn kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ará Etí Odò ni, òun sì ni ọ̀rẹ́ tí mo kọ́kọ́ ní nígbà tí mo dé ìlú yìí. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti là lẹ́nu, ó fẹ́ lọ fi dáná. Ó ní, "Kí ló dé tó o dúró bí ẹni tí wọ́n jà lólè?" Mo ní irin tán, sìmẹ́ńtì ń gbẹ. Ó wo àjẹ̀ náà, ó wò mí, ó ní, "Gba eléyìí. Igi líle ni. Bó bá ti wọnú sìmẹ́ńtì, ta ni yóò mọ̀?"

Mo gbà á. Mo ní n óò fi ṣe egungun idà. Ṣùgbọ́n ẹnu àjẹ̀ fẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Bí mo bá ha sìmẹ́ńtì kó tín-ín-rín, igi á yọjú. Bí mo bá bo igi, á tún fẹ̀ sí i. Nígbà tí mo ṣe tán, kò sí ọmọ ìrákòrò tí yóò wò ó tí kò ní mọ̀ pé àjẹ̀ ni Atẹ̀lúdó dì mú. Orímisàn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Baba ti di apẹja!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, àwọn ará Òkè kùn díẹ̀. Ọba wa ayé ọjọ́un, àgbàlagbà tí kò fẹ́ wàhálà, ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ó ní bí baba ṣe wá kọ́ ló ṣe pàtàkì, ó ṣáà dé. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀.

Èkejì nìyí, òun sì ni mo fẹ́ kí o dì mú jù lọ. Bí o kò bá mọ nǹkan, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kìíní. Ó máa ń rọrùn lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì ó ti wúwo.

Tíṣà obìnrin kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà náà, láti Ìjẹ̀bú ni, ó fẹ́ràn ìtàn. Ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá wo ère náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ mà mọ ìtàn o. A ti ń gbọ́ pé idà ni, ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé àjẹ̀ ni. Ta ló sọ ọ́ fún yín?" Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo ní láti sọ: irin ló tán. Ṣùgbọ́n obìnrin tó mọ̀wé kúnlẹ̀, àwọn ọmọ la ojú sí mi. Ta ni yóò fẹ́ sọ fún wọn pé òun kò mọ irin í ṣírò? Mo wú ikọ́, mo ní, "Àwọn àgbà ni."

Àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Òpìtàn. Mo kọjá lọ́jà, wọ́n á ní, "Òpìtàn, ẹ kú ìrìn." Ó dùn mọ́ mi. N kò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo ti ń fi ẹnu ara mi sọ bí Atẹ̀lúdó ṣe wakọ̀, iye ọjọ́ tó fi wà á, àti orúkọ ajá tó gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Ajá! Ibo ni mo ti rí ajá?

Lẹ́yìn náà ni ọba wa wàjà, òṣèlú sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Èyí ni ẹ̀kẹta tàbí kí ni mo kà á dé? Ẹ̀kẹta ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan kì í pẹ́ di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìbò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ níbẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ìlú wọn, ebi àgbẹ̀ ń dùn wọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan ni yóò wo ògiri tí o bá yà. Ẹni tí kò bìkítà fún àgbẹ̀ yóò wò ó pẹ̀lú, yóò sì rí ohun tó lè fi ṣe níbẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló ń du ìlú wa. Èyí tó ní àmì àtùpà tẹ̀ sí Etí Odò, èyí tó ní àmì agogo tẹ̀ sí Òkè. Kò sí èyí tó mọ Atẹ̀lúdó rí nínú wọn. Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹni tó bá ni ọba ló ni ìbò ìlú. Etí Odò ní àwọn ló ni oyè, torí àjẹ̀ wà lọ́wọ́ baba, ọ̀dọ̀ àwọn ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Òkè ní irọ́ ni. Wọ́n pe ìgbìmọ̀ ìwádìí jọ ní Òkìtìpupa, lọ́yà kan sì gbé fọ́tò ère tí mo mọ dìde, ó fi hàn gbogbo ilé. Wọ́n pe bàbá rẹ.

Lọ́yà ní, "Ṣé ìwọ lo mọ ère yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Ta ló ní kí o fi àjẹ̀ sí i lọ́wọ́?"

Orímisàn jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo rí i. Ó ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ní kí n fi idà sí i, méjì ti kú nínú wọn, àwọn tó kù ti pín sí ẹgbẹ́ àtùpà àti ẹgbẹ́ agogo. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ti jẹ́ Òpìtàn fún ọdún mẹ́ta. Mo ní, "Àwọn àgbà ni, sà." Mo sì ti fi Bíbélì búra kí n tó sọ ọ́.

Nínú bọ́lẹ̀kájà tí a wọ̀ padà wálé, Orímisàn jókòó tì mí títí a fi kọjá afárá. Ó wá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀fẹ̀ ti tán. Jẹ́ ká padà lọ́la, ká sọ pé àjẹ̀ mi ni, irin ló tán lọ́wọ́ rẹ. Ghan, gbogbo ará ìlú, á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, kò pa ènìyàn." Mo ní kó jẹ́ kí ìbò kọjá ná. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, àwọn ará Odò á ní mo ta àwọn, àwọn ará Òkè á ní mo ti ń purọ́ látìgbà yìí wá. Mo ní lẹ́yìn ìbò, ara gbogbo ènìyàn á ti balẹ̀. Ó ní, "Lẹ́yìn ìbò?" Ó wo ojú mi bí ẹni tó ń wo àjèjì.

Nítorí náà, ẹ̀kẹrin: má fi òtítọ́ pamọ́ de ìgbà tí yóò rọrùn. Ìgbà yẹn kì í dé.

Ọjọ́ ọjà ni, ní àárọ̀, ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Òkè ń bọ̀ pẹ̀lú òòlù láti fọ́ ère náà, kí ẹ̀rí Etí Odò lè pòórá, àwọn ọ̀dọ́ Odò ti dúró yí i ká pẹ̀lú igi àti òkúta. Àwọn òṣèlú tó fi ọkọ̀ kó ọtí wá fún wọn láti ìlú ńlá kò sí níbẹ̀ mọ́. Orímisàn kan ilẹ̀kùn ulé wa. Ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀dé, jáde. Jẹ́ ká lọ sọ fún ghan." Mo sọ fún màmá rẹ pé kó ní mo ti lọ sóko. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo ń gbọ́ mímí Orímisàn ní òdì kejì pákó. Ó dúró díẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ.

Ó dá nìkan lọ sáàárín wọn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo pé kí wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ènìyàn kan nínú ariwo yẹn? Òkúta kan bà á lórí. Títí dòní kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ tó sọ ọ́, bóyá ti Òkè ni, bóyá ti Odò. Ó ṣubú sẹ́sẹ̀ ère. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ilé ti ń jó ní òkè, ilé ti ń jó ní odò, ọ̀rẹ́ mi sì ti kú.

Etí Odò sọ pé ó kú níbi tó ti ń gba àjẹ̀ baba wọn sílẹ̀. Wọ́n sin ín bí akọni, wọ́n kọrin sí i. Àwọn ọmọdé ṣì ń kọ ọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò lọ síbẹ̀ láti gba àjẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ láti sọ pé àjẹ̀ ìdáná ni. Mo jókòó níbi ìsìnkú rẹ̀, mo jẹ, mo mu, mi ò sọ nǹkan kan. O máa ń bi mí ìdí tí mi ò fi mọ ère mọ́. Mo ní ojú ló ń dùn mí. Kì í ṣe ojú.

Bọ́sẹ̀dé, àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo ní ọjọ́ òtítọ́ dé nìyí, ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìkéde, mo tọrọ ààyè, mo jáde síwájú ìjọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀: irin, àjẹ̀, lọ́yà, ilẹ̀kùn. Ogun abẹ́lé ti parí, àwọn sójà ti gba ìjọba, kò sí ẹgbẹ́ àtùpà, kò sí ẹgbẹ́ agogo mọ́. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò bú mi. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí a ti ń rẹ́rìn-ín arúgbó. Olórí Etí Odò dìde, ó ní kí ìjọ máa fi mí sínú àdúrà, ọjọ́ orí ti ń dé. Mo kọjú sí àwọn ará Òkè, mo ní ó kéré tán inú tiwọn á dùn. Olórí wọn ní, "Bàbá, ẹ má da ìlú rú mọ́. A ti gbà pé àjẹ̀ ni. Ó fi àjẹ̀ sọdá odò, ó wá fi ẹsẹ̀ rìn gun òkè. Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ wa nìyẹn." Tíṣà, tó ti di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ báyìí, fọwọ́ kàn mí léjìká lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, ó ti wà nínú ìwé." Òtítọ́ bá irọ́ lóòótọ́, Àbẹ̀kẹ́. Irọ́ ti kọ́lé, ó ti bímọ. Ó ní kí òtítọ́ jókòó síta.

Nítorí náà n kò mọ bí mo ṣe lè kọ́ ọ ní ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún mi. Mo fẹ́ sọ pé kí o ya ọkùnrin yẹn ní ọwọ́ òfìfo. Ṣùgbọ́n mo mọ ènìyàn, bó pẹ́ bó yá ẹnì kan á gbé àkàbà wá, á fi nǹkan sí i. Ohun tí mo lè sọ kò ju èyí lọ: kí o tó fi ọ̀dà kan ògiri, pe Ligáyà àti gbogbo wọn jọ, apá àdá àti apá ìwé, sọ lójú gbogbo wọn pé o kò mọ ohun tó dì mú, pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀. Bí inú bá bí wọn, jẹ́ kó bí wọn. Kí wọ́n lé ọ kúrò nídìí ògiri sàn ju kí wọ́n pè ọ́ ní Òpìtàn. Mo sì mọ̀ pé lẹ́tà máa ń pẹ́. Bóyá kí èyí tó dé, o ti yà á tán. Bóyá wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ibí ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí lánàá. Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan.

Ní àárọ̀ òní, Ìyá Orímisàn wá sí ulé wa. O rántí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń gbálẹ̀ ní ẹsẹ̀ ère náà, níbi tí ọmọ rẹ̀ ṣubú sí, ó ti tẹ̀ lẹ́yìn gan-an báyìí. Kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àìsàn ló dè é mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ròyìn fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. N kò lè gbé ojú sókè. Ó ní kí n dìde, kí n tẹ̀ lé òun.

A lọ sí oríta. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ọwọ́ ère náà fún mi. Òjò ọdún yìí ti la sìmẹ́ńtì ọwọ́ ọ̀tún Atẹ̀lúdó, ó ti já lulẹ̀ ní ẹnu àjẹ̀, igi ti yọ síta. Mo mọ igi náà. Mo mọ ibi tó ti là. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rí i pé àjẹ̀ àlòkù lásán ni, ohun ìdáná.

Mo ní, "Ìyá, ẹ wò ó. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó ń lọ sọ ọ́ fún wọn ni wọ́n fi pa á. Èmi ni mi ò bá a lọ."

Ó wo igi náà pẹ́. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Inú ulé mi ló ti gbé e jáde." Ó wá dì mí lápá, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó le. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ igi ìdáná, kí lọ́ma mi kú fún? Tí wọ́n bá ń kọrin rẹ̀, mo máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣé o fẹ́ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi? Bò ó. Ọma mi, mo bẹ̀ ọ́, bò ó kí ọjà tó kún."

Mo padà sílé, mo gbé ohun èlò tí n kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ ikú Orímisàn. Mo po sìmẹ́ńtì. Ìyá náà jókòó sórí òkúta, ó ń wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní irin tó pọ̀, mo fi wáyà dè é yí igi náà ká dáadáa, mo lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn nípọn, mo dán an. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tí ọwọ́ mi ti ṣe ni. Kò ní là mọ́ lójú ayé mi, bóyá kò ní là lójú ayé tìrẹ náà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọjá dúró wò mí, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Òpìtàn, ẹ kú iṣẹ́."

Mo dá wọn lóhùn.

Màmá rẹ ní kí o jẹun kánú. Kí Ọlọ́run tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù máa ṣọ́ ọ níbẹ̀. Àbàwọ́n aláwọ̀ eérú tí o rí létí ìwé yìí, má rò pé ìdọ̀tí ọ́fíìsì lẹ́tà ni. Sìmẹ́ńtì ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.